Bàbá, Ìtàn Ẹlòmíràn Ni Wọ́n Kà Sórí Òkú

Bàbá mi rere,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ará ọ̀run, nítorí náà mo kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín tí mo bá bá yín lórí àga onígi yẹn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí ẹ ti bọ́ bàtà, tí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìdì pépà, tí ẹ ń ṣe bí ẹni pé ẹ ò sùn. Ẹ máa ń sùn, Bàbá. Gbogbo wa la mọ̀. Àwọn oníbàárà pàápàá mọ̀, wọn a rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ẹ ó fi lajú. Ẹ kú ìsinmi o.

Ẹ̀yìn pépà tó bàjẹ́ ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Iná ti lọ láti àárọ̀, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ti kúrò ní ohun tí èèyàn kàn ń yọ lápò. Ilé ìtẹ̀wé dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń gbọ́ bí adìẹ ṣe ń tan ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Màámi wà ní Èkó lọ́dọ̀ Bùọ̀dá, ó lọ bá wọn tọ́jú ọmọ. Ara rẹ̀ le, orúnkún nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní kí n máa bá òun ro ojú ibojì yín, mo sì ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn iṣẹ́ fún yín, torí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn kí ẹ tó bèèrè bóyá mo ti jẹun. Iṣẹ́ ò sí, Bàbá. Ilé ìtẹ̀wé kejì tó wà lọ́nà ọjà níbí ní Ìdó ti di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ń jókòó ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Wọ́n kun ara ògiri rẹ̀, àmọ́ ọ̀dà náà ò nípọn, ẹ ṣì lè rí orúkọ iṣẹ́ àtijọ́ lábẹ́ rẹ̀ tí oòrùn bá kọjú sí i. Èyí tó wà ní Ọ̀yẹ́, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣáájì fóònù ni báyìí. Àwọn iléèwé ò mú ìbéèrè ìdánwò wá mọ́, fọ́tòkọ́pì ni wọ́n ń ṣe, àwọn mìíràn ń kọ ọ́ sójú pátákó. Àwọn olóṣèlú tí wọ́n máa ń jókòó tì yín láti bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ bá wọn yára, Èkó ni wọ́n ti ń tẹ àwòrán wọn báyìí. Tí ìbò bá ti ń bọ̀, ojú wọn á gba gbogbo ògiri láti Ìdó dé Ìkọ̀lé, kò sì ní sí ẹyọ kan níbẹ̀ tí ọwọ́ ará ibí tẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ń fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sórí fóònù. Èèyàn á kàn gbọ́ tíì, wọ́n ti pè é nìyẹn.

Bàbá Ọ̀ṣọ́ ọ̀rẹ́ yín ní Ìkọ̀lé, tí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa ń jiyàn ta ló kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ oníná, ti ta ẹ̀rọ ńlá rẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí mo lọ wo ẹ̀rọ agépépà rẹ̀ bóyá mo lè rà á. Ẹ̀rọ náà ò gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ẹ rántí pé wọ́n gbé e wọlé kí wọ́n tó mọ ògiri iwájú ni. Bí àwọn ọmọkùnrin yẹn ṣe gbé òòlù nìyẹn, wọ́n fọ́ ọ níbi tó wà, wọ́n ń kó o jáde bí ẹni ń kó ẹran tí wọ́n kun. Bàbá Ọ̀ṣọ́ gbé àga síta, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń jẹ orógbó. Mo kí i, ó dáhùn, ó bi mí léèrè Màámi, ó bi mí léèrè ọ̀nà. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Mi ò ra agépépà náà mọ́, ojú ń tì mí.

Òkú nìkan ló kù tó ń bọ́ wa. Ará Èkìtì ò tíì lè sin àgbàlagbà láìsí ìwé ètò ìsìnkú, ìyẹn ni wọ́n ṣì ń wá ṣe lọ́dọ̀ mi. Ó burú láti sọ fún bàbá ẹni, ṣùgbọ́n tí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kú ní agbègbè yìí, ọkàn mi kì í balẹ̀. Bùọ̀dá ti sọ ọ́ títí pé kí n ti ilé ìtẹ̀wé, kí òun fi iwájú ibẹ̀ háyà fún àwọn tó ń ta ẹja inú yìnyín. Mo ti ń bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Mo máa ń sọ fún un pé a ṣì wúlò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí ló gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi.

Bàbá, ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń gba ìtàn òkú? Ẹ kì í gbà á nínú ìwé. Tí wọ́n bá kọ ọ́ wá, ẹ ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó ní kí wọ́n jókòó, ẹ ó fún wọn lómi, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tí kò kàn yín. Kí ló fẹ́ràn láti jẹ? Ta ló ń bá jà? Tó bá ń bínú, ṣé ó máa ń pariwo ni àbí ó máa ń dákẹ́? Àwọn èèyàn á kọ́kọ́ máa wo ara wọn, tó bá yá wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, ẹnì kan á sì bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà lẹ ó tò ó, lẹ́tà òjé kan tẹ̀ lé òmíràn. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ ó ní kí n fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀, kí n dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan padà sínú ihò rẹ̀ nínú àpótí. Mo kórìíra iṣẹ́ yẹn. Mo máa ń rò pé ìyà lẹ fi ń jẹ mí. Nígbà tí mo bá parí, kò ní sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó kù lára òkú tó ṣẹ́ṣẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bọ̀, lẹ́tà tó ti mọ́ ló máa bá.

Kí ẹ sì tó tẹ èyí tí wọ́n máa gbé lọ, ẹ ó pe ẹni tó ni òkú padà wá, ẹ ó kà á sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ì báà ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohùn àlùfáà lẹ máa ń lò. Wọ́n á ní rárá, kì í ṣe àbúrò, ẹ̀gbọ́n ni. Wọ́n á ní ẹ kúkú yọ ibi tí ẹ ti sọ pé ó máa ń fẹ́ ìjà. Wọ́n á tún ní ẹ fi sílẹ̀, òun náà nìyẹn. Ojú yín náà á máa ṣomi, ẹ ó sì ní kẹrosíìnì ni.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é ní tèmi. Ọmọkùnrin kan wà ní Ọ̀yẹ́ tó ń jẹ́ Tóbi, òun ló ń bá mi ṣe dìsáìnì lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ yá. Tí òkú bá ti dé, mo máa fi ọ̀rọ̀ àti fọ́tò ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Á ṣí fáìlì òkú tó ṣẹ́ṣẹ̀ kọjá, á yọ orúkọ, á fi orúkọ sí i, á yọ fọ́tò, á fi fọ́tò sí i. Òdòdó kan náà, àwọsánmà kan náà, ẹyẹ funfun kan náà, àtẹ̀gùn kan náà tó ń lọ sókè ọ̀run. Gbogbo òkú ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń gùn. Á fi í ránṣẹ́ padà, èmi á tẹ̀ ẹ́. Ó rọrùn púpọ̀, Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń fọ nǹkan kan.

Ní òpin òjò tó kọjá, obìnrin kan wá láti ìlú Orin. Ìyá Délé ni wọ́n ń pè é, àgbẹ̀ ni, irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Ìyá rẹ̀ ló kú. Òun nìkan ṣoṣo ni ìyá náà bí tó yè. Délé ọmọ rẹ̀, tó wà ní Èkó, ló fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n ṣe ìwé aláwọ̀ mèremère, kí ìyá àgbà má bàa lọ bí ẹni tí kò ní èèyàn. Ìyá Délé ò mọ̀wé. Kò mú nǹkan kan dání ju fọ́tò kékeré kan tí ó wé sínú ọ̀rá, tí ìyá rẹ̀ jókòó níbẹ̀ tí ó dijú, torí ó ń bẹ̀rù iná kámẹ́rà.

Mi ò mọ ohun tó bá mi lọ́jọ́ yẹn. Bóyá torí pé iná ò sí ni, tí mi ò sì ní nǹkan mìíràn ṣe. Mo ní kó jókòó. Mo fún un lómi. Mo bi í pé irú èèyàn wo ni ìyá rẹ̀, ó sì wò mí fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ti bi í rí.

“Ìyá mi kì í jókòó sí ulé,” ó ní. “Uṣẹ́ ni, uṣẹ́ ṣáá.”

Ó wá ń sọ ọ́, mo ń kọ ọ́. Ọkọ ìyá náà lọ sí oko kòkó lápá Oǹdó, kò sì padà wá mọ́, ìyá náà sì gba oko rẹ̀ ro. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, ó ń gbin iṣu díẹ̀. Kì í yá ẹnikẹ́ni ní ọkọ́ rẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ ẹ lọ́wọ́ rẹ̀, á tẹ̀ lé ọkọ́ náà wá sí oko yín, á bá yín ro ó, á sì gbé e padà. Òun àti aládùúgbò rẹ̀ kan jà lórí igi ọ̀pẹ, wọn ò kí ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ nígbà tí aládùúgbò náà dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Wọn ò tún kí ara wọn síbẹ̀síbẹ̀. Á wẹ̀ ẹ́, á wọ aṣọ fún un, á jáde. Ibi tí Ìyá Délé dé nìyẹn tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìyá òun ò mọ orin kọ, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ ló ga jù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kò rìn jìnnà ju ọjà Ìdó lọ rí láyé rẹ̀, torí òòyì ọkọ̀ máa ń kọ́ ọ.

“Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé uyán rẹ̀ kì í ní kókó,” ó sọ fún mi nígbà tó dìde. “Ẹ má gbàgbé uyán.”

Mi ò gbàgbé, Bàbá. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí fóònù, ọwọ́ mi ń dùn mí, mo fi í ránṣẹ́ sí Tóbi. Ìtàn tó dára jù tí mo kọ láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ni. Mo ń rò ó nínú ara mi pé inú yín á dùn.

Tóbi dá iṣẹ́ padà, ó dán gbinrin. Mo wo iwájú: orúkọ pé, ọjọ́ pé, fọ́tò ìyá tó dijú wà láàárín òdòdó. Mo wo ẹ̀yìn: orúkọ Ìyá Délé, ti Délé, ti àwọn ọmọ Délé, gbogbo rẹ̀ pé. Orin ṣọ́ọ̀ṣì pé. Iná sì dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a kì í sì í bi iná léèrè ìgbà tó máa lọ, mo sáré tẹ̀ ẹ́. Mi ò ka àárín. Nígbà tí Ìyá Délé dé, ọlọ́kadà tó gbé e wá dúró dè é níta, ó ń fọn fèrè. Ó fi ìka ra ojú ìyá rẹ̀ lórí bébà náà, ó ṣàdúrà fún mi, ó gbé e lọ. Mi ò kà á sí i létí. Bí mo bá ní kó jókòó kí n kà á, ìṣẹ́jú mélòó ló máa gbà wá?

Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ni mo mú ọ̀kan nínú àwọn tí yíǹkì rẹ̀ ò dọ́gba, mo fẹ́ fi wé àkàrà. Mo kàn kà á ni. Ìtàn tó wà níbẹ̀ ni ti obìnrin kan tó ta aṣọ ní Kùmásì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó kọ́lé kí ó tó padà wálé, tó mọ orin kọ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ akọrin, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ìyá kan láti Ìrè ni. Èmi náà ni mo tẹ tirẹ̀ ṣáájú. Tóbi ti pààrọ̀ gbogbo ohun tó ní orúkọ nínú, àmọ́ lójú ìwé ti àárín yẹn, “Màmá wa” nìkan ni wọ́n ń pe olóògbé láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí orúkọ kan tó máa ta á lólobó. Kò sí oko níbẹ̀. Kò sí aládùúgbò. Kò sí iyán.

Mo pe Tóbi. “Áà, Àǹtí, ẹ má bínú, mo rò pé mo ti pààrọ̀ ẹ̀ ni,” ó wí. Ó tún ní, “Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ka ojú ìwé yẹn, Àǹtí.” Kò sọ ọ́ bí aláfojúdi. Ó fẹ́ tù mí nínú ni.

Mo pe fóònù Ìyá Délé, kò wọlé. Mo bọ́ sórí ọ̀kadà, mo forí lé Orin. Ohun tí mo ń rò lójú ọ̀nà ni pé bí mo bá tètè dé, màá gba ìwé náà lọ́wọ́ àlùfáà, màá ka tòótọ́ jáde láti inú fóònù mi. Ojú ọ̀nà burú, ọlọ́kadà ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, akọ̀wé ìjọ ti ń kà á. Ó ti dé Kùmásì.

Mo dúró síbẹ̀, mi ò lè wọlé, mi ò lè padà. Àwọn èèyàn jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n ń fi ìwé náà fẹ́ ara wọn. Àwọn ìyá àgbà mélòó kan níwájú wo ara wọn nígbà tí wọ́n gbọ́ orin kíkọ yẹn, ọ̀kan fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa ẹnu dé. Akọ̀wé kà á dé òpin, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí obìnrin tó gba oko ọkọ rẹ̀ ro ni wọ́n ti ṣe àmín fún obìnrin tó ta aṣọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Ìyá Délé rí mi. Mo ti ń múra ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ilé.

“Ṣé ìyá mi dé Kùmásì ni?” Kò bínú. Ó ń bi mí bí ọmọdé ṣe ń bi àgbà. “Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Níbo lẹ ti gbọ́ ọ? Kò sọ fún mi rí. Gbogbo bí a ṣe jọ ń sùn sórí ẹní kan, kò sọ fún mi.”

Kí n tó lanu, ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà yẹn ti dé bá wa. Ó ní òun ti rò ó, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kí ó tó lọ́kọ ni, torí ìgbà kan wà tí wọn ò rí i ní Orin. Òmíràn ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà rántí pé ó ní aṣọ kan báyìí tí kì í ṣe aṣọ ibí. Ojú mi báyìí ni wọ́n ti ń ṣe é, Bàbá. Wọ́n ń wá àyè fún irọ́ tí mo tẹ̀ nínú ayé obìnrin tí àwọn fúnra wọn bá dàgbà. Wọ́n jọ ń lọ sódò pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ ìwé ti sọ̀rọ̀, ta ni wọ́n tí wọ́n á fi bá ìwé jiyàn? Ìyá Délé ń gbọ́ wọn, ó ń mi orí, ojú rẹ̀ sì ń ṣú. Ó ti sin ìyá rẹ̀ láàárọ̀, a tún wá ń gba ìyá náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Délé wá láti ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun ò mọ̀ pé ìyá àgbà òun lajú tó bẹ́ẹ̀, pé òun á sọ fún àwọn ọmọ òun. Orí rẹ̀ wú gan-an. Wọ́n gbé àwo oúnjẹ lé mi lọ́wọ́. Mi ò lè sọ ọ́ níbẹ̀.

Mo padà lọ lánàá. Mo dúró kí àwọn àlejò tú ká, kí ó lè ku Ìyá Délé nìkan. Mo bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti Tóbi, ti ìyá Ìrè, ti àárín ìwé tí mi ò kà. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Mo wá mú bébà tí mo fọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí jáde, mo kà á sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo gbìyànjú láti lo ohùn yín. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé ọkọ́ lọ sí oko olóko, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi iyán, ó fi ìborùn bo ojú.

“Ìyá mi rèé,” ó ní. “Ìyá mi nìyí.”

Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan. Mo sọ fún un pé màá tẹ̀ ẹ́ lọ́tun, láìgba kọ́bọ̀, màá gbé e wá fúnra mi. Ó mi orí pé rárá. Ó bi mí pé ta ló máa gbà á. Èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ti wà ní Èkó, ó ti wà ní Ìbàdàn, Délé ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé tó wà lókè òkun. Ta ló máa lọ gbà á lọ́wọ́ wọn? A kì í pe èèyàn wá sin òkú kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òtítọ́ fún Délé lórí fóònù kí n tó dé, torí ọkàn òun kọ̀ ọ́, Délé sì ní kí òun fara balẹ̀, pé ọjọ́ orí ló ń jẹ́ kí òun gbàgbé, pé ó wà nínú ìwé.

Ó wá gbé ọ̀bẹ rẹ̀ padà. “Ẹnu mi ló kù tó ń sọ ọ́,” ó ní. “Tí mo bá kú ńkọ́?”

 Bàbá, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ fún un? Mo ràn án lọ́wọ́ bó ẹ̀gẹ́ tó kù, mo sì padà wálé. Mo pe Bùọ̀dá lálẹ́ àná, mo ní kó mú àwọn ẹlẹ́ja rẹ̀ wá wo iwájú ilé ìtẹ̀wé. Ó ti múra ìjà sílẹ̀, ó wá ń wá ohun tó máa sọ. Ó bi mí bóyá ara mi ò yá.

Nǹkan kan ló kù. Nígbà tí ẹ kú, Èkó ni Bùọ̀dá ti tẹ ìwé ìsìnkú yín. Ó ní pépà ibẹ̀ nípọn jù. Inú bí mi débi pé, bí mo ṣe fọwọ́ mi pín in fún gbogbo ìlú tó, mi ò ṣí i wò. Bí mo ṣe pe Bùọ̀dá tán lánàá, mo wá ọ̀kan rí nísàlẹ̀ àpótí, mo jókòó, mo kà á sókè. Kì í ṣe ìtàn ẹlòmíràn. Orúkọ yín pé, iléèwé yín pé. Ó ní ọkọ rere ni yín, bàbá rere, olùfẹ́ Ọlọ́run, òpó nínú ẹbí, àti pé àárò yín á sọ wá. Kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Àmọ́ wọn ò kọ ọ́ pé ẹ máa ń gbé pépà tuntun sí imú kí ẹ tó sanwó rẹ̀. Wọn ò kọ ọ́ pé lára lẹ́tà òjé tí ẹ tò, èyí tí wọ́n gbẹ́ sódì, ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, kí n tó dé iléèwé, pé láti ẹ̀yìn síwájú ni mo ti ń kọ orúkọ mi, tí tíṣà nà mí, tí ẹ wá sí kíláàsì pẹ̀lú yíǹkì lọ́wọ́, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín títí tíṣà náà fi bá yín rẹ́rìn-ín. Èyí tí wọ́n kọ yẹn, wọ́n lè kà á sórí Bàbá Ọ̀ṣọ́ lọ́la, kí gbogbo ìjọ ṣe àmín. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Mo wá yín nínú rẹ̀ títí, Bàbá. Mi ò rí yín.

Mo fẹ́ràn yín, ẹ sùn re.

Ọmọ yín obìnrin,
ní Ìdó.